Ibi Tí Agbára Abiyamọ Ń Gbà Jò Lọ

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu yín. Gbólóhùn náà ni "Ó rẹ̀ mí." Ẹ ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá sọ garawa omi kalẹ̀, ẹ ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀, ẹ sì tún ń sọ ọ́ lórí ibùsùn, nígbà tí ó yẹ kí àárẹ̀ ti máa lọ. Àwọn ará ilé ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi dá a lóhùn mọ́. Ọkọ yóò ní, "Ta ni kò rẹ̀?" Ìyá ọkọ yóò ní ọmọ méje ni òun bí, òun sì ń gún iyán lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá pọ̀ jù, ẹnì kan yóò fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ìyàwó ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ burúkú ni ọ̀lẹ ní ilẹ̀ Yorùbá. Obìnrin tí a bá fi pè yóò sa gbogbo agbára rẹ̀ kí ó lè bọ́ lọ́wọ́ orúkọ náà: yóò jí ṣáájú àkùkọ, yóò tún gbá ilẹ̀ tí ó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, yóò sì máa fi ẹ̀rín bo àárẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ara yóò fi kọ̀ fún un. Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ni ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nínú wọn ni kò tó. Ẹlòmíràn kò rí oorun sùn láti oṣù mẹ́jọ. Ẹlòmíràn tún lóyún nígbà tí èyí tí ó pọ̀n sẹ́yìn kò tí ì rìn. Ẹlòmíràn sì wà tí ara rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì. Àárẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè é, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí agbára ń gbà jò lọ lára wọn kò dọ́gba. Bí àmù bá ń jò, a kì í fi omi pípọn dí i. Ojú ibi tí ó ti là ni a ó kọ́kọ́ wá.

Ẹ jẹ́ kí a ti inú ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni a ti lè gba ẹ̀mí là. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú kì í dá rìn kiri inú ara. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ọpọlọ, sí apá, sí ẹsẹ̀ àti sí ọkàn fúnra rẹ̀. Ohun pupa tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ru ẹrù náà, irin sì ni èròjà pàtàkì tí ara fi ń ṣe ohun pupa yìí. Irin kan náà tí alágbẹ̀dẹ ń lù ni, àfi pé díẹ̀ kínún ni ara ń fẹ́, inú oúnjẹ ni a sì ti ń rí i. Bí irin bá dín kù, ohun pupa náà yóò dín kù, gbogbo ara yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, tí a sì ní kí ó sáré.

Nínú ilé, kò sí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ lára rẹ̀ tó ìyàwó. Nǹkan oṣù ń gba tirẹ̀ lóṣooṣù. Bí oyún bá dé, ọmọ inú yóò fa irin láti ara ìyá rẹ̀ láti fi kọ́ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ yóò tún dà. Ibà tí ẹ̀fọn ń fà a máa pa ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ run. Àwọn aràn kan sì wà tí wọ́n ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wọ bàtà wọlé, tí wọn ó lọ so mọ́ ìfun, tí wọn ó sì máa fa ẹ̀jẹ̀ mu díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí baálé bá béèrè pé "Ta ni kò rẹ̀?", ìdáhùn wà fún un. Àárẹ̀ tirẹ̀ a máa lọ bí ó bá sùn. Àárẹ̀ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó a máa bá a jí.

Àwọn àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ sílẹ̀ níwájú dígí, kí ẹ wo inú rẹ̀: pupa ni ó yẹ kí ó jẹ́, kì í ṣe ràndánràndán bí omi ìrẹsì. Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín pẹ̀lú. Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ tí àyà ń lù kìkìkì, bí òòyì bá ń kọ́ yín nígbà tí ẹ bá dìde lójijì, bí orí bá ń fọ́ yín láìní ibà, ẹ fura. Àmì kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ń fi ṣe ẹ̀rín. Èyí ni kí ọ̀fun obìnrin máa fà sí ohun tí kì í ṣe oúnjẹ: yìnyín tí a ń fọ́ lẹ́nu, ìrẹsì tútù, amọ̀, tàbí ẹfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Àwọn kan gbà pé ẹfun jíjẹ jẹ́ àṣà aboyún, pé kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ó burú. Ẹfun kì í fún ara ní ẹ̀jẹ̀, a sì máa dí irin inú oúnjẹ lọ́nà nínú ikùn. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ irú ẹfun jíjẹ yìí wò, wọ́n rí òjé nínú rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé tí ó lè ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Bí ẹfun bá ń wù yín jẹ, ẹ má ṣe tijú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, nítorí ara yín lè máa tọrọ irin ni, ṣùgbọ́n tí kò mọ orúkọ tí yóò pè é.

Wíwo ojú nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yẹ̀ wò. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹ̀jẹ̀ obìnrin tí kò lóyún kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 12 lọ, ti aboyún kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 11 lọ, nígbà tí a bá fi giramu wọn ohun pupa inú rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, PCV ni wọ́n máa ń kọ sí káàdì. Bí ó bá jẹ́ èyí ni, 36 ni ti àkọ́kọ́ yóò jẹ́, 33 ni ti èkejì. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé "ẹ̀jẹ̀ yín dára" kí ó sì pa káàdì dé. Ẹ béèrè iye tí ó jẹ́. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé kò sí ẹni tí ó mọ iye ẹ̀jẹ̀ tí yóò dà ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Obìnrin méjì lè pàdánù ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kan náà ní ọjọ́ kan náà; èyí tí àmù rẹ̀ kún tẹ́lẹ̀ yóò gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé, èkejì kò sì níí lè gbé e.

Ọ̀rọ̀ wá kan oúnjẹ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń bu oúnjẹ nínú ilé. A ó bu ti baálé, ẹran ńlá yóò wà lórí rẹ̀. A ó bu ti àlejò bí ó bá wà. A ó bu ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn èyí ni ìyá yóò fi òkèlè nu ìdí ìkòkò, yóò sì ní òun ti yó. Ìwà ọmọlúwàbí ni a ń pe èyí, n kò sì wí pé kí ìyàwó máa bá ọkọ rẹ̀ du ẹran. Ohun tí mo wí ni pé kí aboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́mú yọ ìpín tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ó tó bu ti ẹnikẹ́ni, bí ó ti ń yọ owó èsúsú sọ́tọ̀ kí ó tó ná owó ọjà. Ẹran, ẹja, ẹyẹlé, adìyẹ àti ìgbín ni irin inú wọn máa ń tètè wọ ara. Ẹ̀dọ̀ ní i púpọ̀, ṣùgbọ́n kí aboyún má ṣe sọ ọ́ di oúnjẹ ojoojúmọ́, nítorí fítámì kan wà nínú rẹ̀ tí àpọ̀jù rẹ̀ kò bá ọmọ inú lára mu. Bí owó ẹran kò bá sí, ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ tegungun-teegun àti edé yóò ran ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Irin wà nínú ẹ̀wà, nínú irú, nínú ẹ̀gúsí àti nínú ẹ̀fọ́ pẹ̀lú, ìyẹn tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, úgwú àti irú wọn. Ṣùgbọ́n irin inú ewé àti inú wóró kì í ṣe ọ̀làwọ́ bí ti inú ẹran. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò fà á lọ́wọ́ wọlé. Ọsàn ni ẹni náà. Bí ẹ bá jẹ ẹ̀wà tán, tí ẹ mu ọsàn kan tàbí ẹ jẹ ìbẹ́pẹ tàbí gúáfà sí i, ara yóò rí irin gbà ju bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. Ata tútù àti tòmátì ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí a kò bá sè wọ́n kọjá ààlà. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná fún ìgbà pípẹ́, tí ẹ ó wá fún un títí omi rẹ̀ yóò fi tán, ẹ rántí pé èròjà tí ń fa irin wọlé ni ẹ ń dà sí gọ́tà yẹn. Ẹ bọ̀ ọ́ ní kíákíá, kí ẹ sì yọ ọ́.

Bí ọsàn ti ń ṣílẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ni tíì ń tì í. Ife tíì tí a mu tẹ̀ lé oúnjẹ lè sọ púpọ̀ nínú irin oúnjẹ náà di òfò. Ẹ fi wákàtí kan tàbí méjì sí àárín wọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀tì àti mílíìkì ń kọ́? Ní ilé púpọ̀, kété tí ẹnì kan bá ti fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ tàbí tí ó bímọ ni a ó ti ra mọ́ọ̀tì kan, a ó da mílíìkì agolo sí i, a ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ti dé. Ó dùn, ó sì ń fún ni ní okun fún ìgbà díẹ̀ nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mílíìkì kò ní irin tí ó tó nǹkan, èròjà tí ó ń mú egungun le nínú rẹ̀ a sì máa dá irin dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mu ún bí ẹ bá fẹ́ ìgbádùn. Ẹ má ṣe ka owó rẹ̀ mọ́ owó oògùn.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ jù, oúnjẹ nìkan kò lè tètè gbé e dìde. Ìdí nìyí tí a fi ń fún aboyún ní oògùn irin, 30 sí 60 milligram irin lóòjọ́, pẹ̀lú 0.4 milligram folic acid. Ọ̀pọ̀ a máa gbà á ní ilé ìwòsàn kí wọ́n sì gbé e pamọ́ sí abẹ́ aṣọ. Wọ́n ní ó ń rin àwọn nínú, wọ́n ní ìgbẹ́ àwọn dúdú. Dídúdú ìgbẹ́ kò ní ewu nínú. Irin tí ara kò lò ni ó ń jáde. Ti inú rírìn àti ìgbẹ́ tí ó le, ẹ gbìyànjú àtilò ó lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀ ní alẹ́, kí ẹ sì máa mu omi púpọ̀. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ padà lọ sọ fún wọn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ti lò ó tí ara ti ń yá, ẹ má ṣe dáwọ́ dúró. Ẹ̀jẹ̀ ti kún, ṣùgbọ́n àká tí ara ń tọ́jú irin sí ṣì ṣófo, ó sì máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta sí i kí ó tó kún. Ẹ gbé oògùn náà sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, nítorí ó jọ mindinmín-ín-dìn, ìwọ̀n tí kò tó nǹkan fún ìyá sì lè pa ọmọ ọdún méjì. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ lo oògùn irin láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá bí a bá ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára rí.

Nẹ́ẹ̀tì tí a fi oògùn ẹ̀fọn sí, bàtà lẹ́sẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, àti oògùn aràn tí nọ́ọ̀sì bá fún yín, gbogbo rẹ̀ wà lára ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tí kò sì sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ń pọn omi sínú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, oúnjẹ yín gbọdọ̀ pọ̀ ju ti ìgbà tí ẹ kò bímọ lọ. Wàrà kì í ti inú afẹ́fẹ́ wá. Àfikún oúnjẹ tí ara ń fẹ́ lóòjọ́ tó bí àwo ìrẹsì àti ẹ̀wà kan tí ó kún dáadáa. Ẹ̀kọ mímu nìkan láàárọ̀ kò lè gbé abiyamọ dé ọ̀sán. Ẹ fi àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín tì í. Kí ife omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nígbàkígbà tí ẹ bá jókòó fún ọmọ lọ́mú.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá pé, tí oúnjẹ sì tó, àárẹ̀ kan tún wà tí iṣẹ́ ń fà, n kò sì fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ní agboolé àtijọ́, abiyamọ kì í dá ọmọ tọ́. Ìyá ọkọ ni ó ń wẹ ọmọ, tí ó sì ń fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ nínú. Ìyàálé yóò se oúnjẹ, àwọn ọmọdébìnrin ilé yóò pọn omi, wọn ó sì fọ aṣọ. Abiyamọ a wà ní ìyẹ̀wù fún bí ogójì ọjọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jẹun, kí ó sùn, kí ó sì fún ọmọ lọ́mú. Lónìí, ìyàwó wà nínú yàrá kan àti pálọ̀ ní Àgége. Ìyá rẹ̀ ṣì ń tajà ní Ìlọrin, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tí ó ti ń bá ọmọ rẹ̀ mìíràn tọ́ ọmọ. Iṣẹ́ tí ènìyàn mẹ́fà ń ṣe ti wá di ti ẹnì kan. Kì í ṣe pé ìyàwó òde òní rọ ju ìyá rẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni ó dín.

Ẹ óò rí i pé àwọn baba wa ní ohun kan lóko tí a kò lò tó nínú ilé, èyí ni àáró. Bí àgbẹ̀ mẹ́ta bá ní oko, gbogbo wọn a lọ sí oko ẹni kìíní lónìí, wọn a lọ sí ti ẹnì kejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Kí ni ó dí abiyamọ mẹ́ta tí ń gbé àdúgbò kan náà lọ́wọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Ní Sátidé kan, ìyá kan yóò gba gbogbo àwọn ọmọ sọ́dọ̀ láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Àwọn méjì yòókù yóò sùn, tàbí wọn ó lọ sọ́jà láìpọn ọmọ. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, yóò kan ẹlòmíràn. Kò gba owó, kò sì gba pé kí a gba ọmọ ọlọ́mọ wá láti abúlé kí a sì máa fi ṣe ẹrú. Ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa, tí ilé rẹ̀ kò léwu, nìkan ni kí ẹ bá ṣe é.

Àwọn ọkọ ń kọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe tán láti ṣe ju bí a ti rò lọ, bí a bá sọ ohun tí a fẹ́ ní pàtó. "Kò sí ẹni tí ó ń ràn mí lọ́wọ́" jẹ́ ẹ̀sùn, ọkùnrin a sì máa fi ìjà dáhùn ẹ̀sùn. "Bàbá Táyọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi mójú tó ọmọ yìí láti aago mẹ́jọ sí aago mọ́kànlá, kí n lè sùn díẹ̀" jẹ́ ẹ̀bẹ̀ tí ó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí ó bá sì ti gbà, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó ṣe é bí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rí ìyàwó tí ó já aṣọ ọmọ gbà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nítorí pé kò so ó dáadáa, tí ó sì tún ń ráhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà pé òun nìkan ni òun ń ṣe gbogbo rẹ̀. Aṣọ tí ó wọ́ kì í pa ọmọ.

Wákàtí mẹ́ta yẹn ṣe pàtàkì. Àgbàlagbà ń fẹ́ oorun wákàtí méje ó kéré tán, abiyamọ kò sì lè rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ó gbà á ní ìdá méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé "bí ọmọ bá ti sùn, kí ìwọ náà sùn", wọn kò sì rántí aṣọ ọmọ tí ó wà nínú ọpọ́n. Ẹ mú oorun ọmọ ẹ̀ẹ̀kan péré lóòjọ́, kí ẹ sì ya ìyẹn sọ́tọ̀ fún ara yín; ẹ fi èyí tí ó kù ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọmọ bá sì jí yín lóru, ẹ má ṣe mú fóònù. Iṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ rò pé ẹ fi ń wò ó a máa di wákàtí kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà fún abiyamọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú nígbà tí ó bá padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá púpọ̀ kì í dárúkọ ti ìkejì yìí. Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ di oṣù mẹ́fà, ó sì fún àwọn bàbá ọmọ ní ọjọ́ 10, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà kò ní ọ̀gá tí yóò kọ̀wé ìsinmi fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù. Kí ọmọ ìsọ̀ kejì bá yín wo ọjà fún ààbọ̀ wákàtí lọ́sàn-án, kí ẹ̀yin náà sì bá a wo tirẹ̀.

Ọ̀ràn kan kù tí àwọn àgbà mọ̀ ju wa lọ. Láyé wọn, ọkọ kì í sún mọ́ ìyàwó tí ń fún ọmọ lọ́mú títí a ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, èyí sì máa ń tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta. J. C. Caldwell àti ìyàwó rẹ̀ Pat ṣe ìwádìí lórí àṣà yìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Ìdí tí àwọn àgbà ń sọ, pé àtọ̀ yóò ba wàrà jẹ́, kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n àǹfààní tí àṣà náà mú wá jẹ́ òótọ́ pátápátá. Ara ìyá ń rí àyè kún padà. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà wí pé kí oṣù 24 kọjá lẹ́yìn ìbímọ kí obìnrin tó tún lóyún. Lóde òní, ẹ kò ní láti lé ọkọ sí yàrá mìíràn fún ọdún méjì. Ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà ní ilé ìwòsàn, àwọn irú kan sì wà tí kì í dín wàrà kù. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọmú fífún nìkan. Ó ń dáàbò bo ni bí ọmọ kò bá tí ì pé oṣù mẹ́fà, bí ó bá jẹ́ ọmú nìkan ni ó ń mu tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù kò sì tí ì padà. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti yẹ̀, ààbò náà ti lọ.

Ní ìkẹyìn, àárẹ̀ ọkàn. Ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ obìnrin a máa sunkún láìnídìí. Èyí a máa lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí kò bá lọ, bí oúnjẹ kò bá wù yín, bí oorun kò bá wá nígbà tí ọmọ tilẹ̀ ti sùn, bí ohun tí ó máa ń dùn mọ́ yín kò bá dùn mọ́, bí ẹ bá ń wo ọmọ bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíràn ni, àìsàn ni, a sì ń wò ó sàn. Kì í ṣe àìmọore sí Ọlọ́run, kì í sì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọ̀tá. Ní 1987, Cox, Holden àti Sagovsky gbé ìbéèrè 10 jáde ní ìlú Edinburgh, èyí tí a fi ń mọ̀ bí abiyamọ bá ní irú ìrẹ̀wẹ̀sì yìí. A ń lò ó ní Nàìjíríà náà, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ béèrè fún un nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ kò sì ní láti bẹ̀rù pé a ó tì yín mọ́ ibì kan. Láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo ti ṣètò ní Arò, ní Abẹ́òkúta, pé kí àwọn tí ọkàn wọn ń ṣàìsàn máa gbé ní abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn nígbà tí wọ́n bá ń gba ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí èrò àtipa ara ẹni tàbí àtipa ọmọ lára bá wọlé, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ẹ sọ fún ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe fi yín sílẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan, kí ó sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí ẹ bá lọ fún àyẹ̀wò, ẹ mú ọkọ yín dání bí ó bá lè lọ, kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Ẹ sọ ìgbà tí àárẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, iye ọjọ́ tí nǹkan oṣù yín ń gbà, àti ohun tí ẹ ń jẹ, títí kan ẹfun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pé tí ara kò sì yá, ẹ ní kí wọ́n wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá yín pẹ̀lú. Ẹ kọ iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá sọ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó padà lọ sí abẹ́ rẹ̀.